Ẹnu Ta Ni Wọ́n Ń Ṣe Yìí?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ tinú mi. Nínú gbogbo àwọn tó fọwọ́ kan eyín tó wà lẹ́nu mi lónìí, èmi nìkan ni wọn kò bi léèrè ohun tí mo fẹ́. Dókítà eyín ní tirẹ̀ lọ́kàn. Oníláàbù ní tirẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń gbé ẹnu mi lọ gbé e bọ̀ láàárín Òkè-Àdó àti Mókọ́lá pàápàá dá sí i. Ó yọjú wo inú ọ̀rá, ó ní eyín yìí ti funfun jù fún bàbá àgbà. Èmi tí mo ni èrìgì, tí mo ni àgbọ̀n, tí mo tún ni owó tí wọ́n ń ná, gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe kò ju pé kí n ya ẹnu lọ.

Télọ̀ ni mí. Agbádá, bùbá, ṣòkòtò, gbogbo ohun tí ọkùnrin ń wọ̀ lọ sóde ni mò ń rán, ní Bẹẹrẹ, nílùú Ìbàdàn. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lè máà mọ̀ pé ẹnu télọ̀ wà lára irinṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni píìnì ń gbé nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá di aṣọ mú. Eyín iwájú sì la fi ń já òwú, torí kò sí àlùmọ́gàjí tó máa ń wà nítòsí lásìkò tí a bá ń wá a. Láti ọjọ́ tí mo ti gba fíríídọ̀mù ni mo ti ń fi eyín já òwú, kò sì sí ẹni tó bá mi wí.

Nígbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í mì, òwú ni gbogbo ará ilé kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Dókítà ní rárá o, àrùn èrìgì ni. Ó ní ìdọ̀tí tó bá le mọ́ ẹsẹ̀ eyín ló ń mú èrìgì wú tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀, pé tí a kò bá tọ́jú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni egungun tó gbé eyín ró á máa jẹ dànù, títí eyín á fi dúró nínú ẹran lásán. Tèmi ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ìwọ̀nba tó kù, wọ́n ní kí n máa lọ sílé ná kí èrìgì jinná. Egungun máa ń yára súnkì láwọn oṣù àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá wọn ẹnu lásìkò yẹn, eyín tuntun kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ṣo lẹ́nu. Mo gbọ́. Mo lọ sílé, mo di akáyín. Mo jẹ ẹ̀kọ, mo jẹ mọ́ínmọ́ín, mo jẹ èkuru tí wọ́n fọ́ sínú ọbẹ̀. Wọ́n pè mí sí ìgbéyàwó, wọ́n gbé ògúnfe síwájú mi. Mo ń wò ó, ó ń wò mí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bèèrè lọ́wọ́ wọn, ohun náà ni èjí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ẹwà ẹnu ní ilẹ̀ Yorùbá, n kò ní láti bá yín sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èjí. Àlàfo wẹ́rẹ́ tí Ọlọ́run fi sáàárín eyín iwájú òkè méjèèjì ni. Àwọn tí kò bí i mọ́ra ń sanwó kí wọ́n bá wọn yà á. Tèmi, mo bí i mọ́ra. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, igi ìṣáná kan máa ń gba ibẹ̀ kọjá láì kan ẹ̀gbẹ́, a sì máa ń fi ṣeré. Ìyá àwọn ọmọ mi ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ ìgbéyàwó wa, pé èjí yẹn lòun kọ́kọ́ rí kí òun tó rí èmi tí mo ni ín. Ṣé ẹ wá rí i pé ohun tí mò ń bèèrè kì í ṣe fáàrí?

Dókítà náà kì í ṣe ẹni burúkú. Ọmọbìnrin tí kò tíì tó ọjọ́ orí àbígbẹ̀yìn mi ni, ó mọ ìkíni, ó máa ń kúnlẹ̀ kí n tó jókòó sórí àga tó ń gbéni sókè yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó fi ojú mi rí kò kéré. Wọ́n po ìyẹ̀fun kan mọ́ omi, wọ́n kó o sínú abọ́ irin, wọ́n tì í bọ̀ mí lẹ́nu, wọ́n dì í mú kó lè dì. Èébì gbé mi. "Bàbá, ẹ fi imú mí. Ẹ máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín." Mo mi ín. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tán mo bèèrè ohun tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú àjà ẹnu. Ó ní kò ní nǹkan kan í ṣe, pé kí ọkàn mi lè kúrò níbẹ̀ ni. Inú ohun tó dì yẹn ni wọ́n da POP sí, POP kan náà tí àwọn olówó ń fi ṣe àjà ilé, àjà ẹnu mi sì jáde. Mo rò pé ó parí. Kò parí. Wọ́n fi ìyẹn ṣe abọ́ mìíràn tó jẹ́ tèmi nìkan, wọ́n tún fi nǹkan tó ń rùn bíi kànáfùrù kún inú rẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní èyí àkọ́kọ́ kàn ń wo bí ẹnu ṣe rí ni, èyí kejì ló ń mú gbogbo ẹsẹ̀ àti igun rẹ̀.

Ọjọ́ tó wọn ẹnu mi ni mo tó kí i kú iṣẹ́ látọkàn wá, torí iṣẹ́ mi ló ń ṣe. Ó gbé ìda tí wọ́n mọ ní gbọọrọ sí èrìgì mi lókè àti nísàlẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù kán èkán kan sí imú mi, ó kán òmíràn sí àgbọ̀n, ó fi rúlà wọn àárín wọn nígbà tí mo dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó tún wọn ọ́n nígbà tí mo pa ẹnu dé tí ìda òkè kan tìsàlẹ̀. Ó ní méjèèjì kò gbọdọ̀ dọ́gba, pé ó yẹ kí àyè bíi mìlímítà 2 sí 4 ṣẹ́kù láàárín eyín nígbà tí èèyàn bá sinmi. Mo ní ó yé mi. Aṣọ tí kò bá ní àyè ìmí, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ kí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀, yóò ya. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé irin pẹlẹbẹ kan sí mi lẹ́nu kó lè mọ̀ bóyá ìda náà tẹ̀ lé ìlà ojú mi àti ìlà tó ti imú lọ sí etí. Ó fa ìlà sí àárín ìda náà gan-an, ó fa òmíràn sí ibi tí ètè mi parí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó ní kí n rẹ́rìn-ín kó lè fa èyí tó kù sókè. Bí mo ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ gan-an nìyẹn. Mo ní lọ́kàn mi pé iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lórí àwọ̀ la ti kọ́kọ́ jà díẹ̀. Wọ́n ní káàdì kan tí eyín 16 tò sí lára, láti A1 dé D4, bí wọ́n ṣe ń to àpẹẹrẹ aṣọ fún oníbàárà. Ìyá àwọn ọmọ mi, tó ní òun kàn sìn mí wá ni, nawọ́ mú A1, ọ̀kan lára àwọn tó funfun jù. Dókítà ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àgbàlagbà kì í ní A1, gbogbo ayé á mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀." Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn bá ara wọn jà títí, wọ́n fi A3 parí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò bi mí.

Ṣùgbọ́n mo rí i pẹ̀lú ojú mi nígbà tó kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ tó ń lọ sí láàbù: èjí, àárín, mìlímítà 2. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọjọ́ tí eyín ìda dé ni ogun bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó sọ eyín di ohun líle, wọ́n á kọ́kọ́ tò ó sínú ìda, 14 lókè, 14 nísàlẹ̀, kí ẹni tó ni ẹnu lè gbé e sẹ́nu wò. (Mo bèèrè mẹ́rin tó kù kó pé 32. Wọ́n ní eyín ọgbọ́n kì í sí nínú eyín àtọwọ́dá, kò sí àyè fún un. Mo ní ṣé wọ́n á yọ owó mẹ́rin kúrò nínú owó mi. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.) Dókítà ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ní ìda ni pé ìda ṣeé tì, ó ṣeé gé, ó ṣeé yọ́. Tí wọ́n bá ti sè é di ákírílíìkì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, àfi kí wọ́n máa fi mọ́tò ha á, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Torí náà ó ní kí n fara balẹ̀ wò ó, kí n má tijú.

Ó gbé dígí lé mi lọ́wọ́. Mo wò ó. Eyín inú ìpolówó ọṣẹ ìfọyín ló tò sẹ́nu mi gbàgà-gbàgà, kò sí àlàfo níbì kankan. Ètè òkè kò sì kan tìsàlẹ̀.

"Bàbá, ẹ pe 'màmá'."

Mo pè é. Ohun tó jáde ni "wàwá".

Dókítà mú rúlà, ó wọn imú àti àgbọ̀n, ojú rẹ̀ yí padà. Ó pe oníláàbù lórí fóònù, ó gbé e sí ohùn gbangba, ó gbàgbé pé mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú eyín ẹlòmíràn lẹ́nu. "Ọ̀gá, eyín Bàbá ti ga jù." Oníláàbù ní ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sóun lòun ṣe. Dókítà ní ìda tí òun fi ránṣẹ́ kò ga tó báyìí. Oníláàbù ronú díẹ̀, ó ní bóyá oòrùn ló pa ìda náà lórí ọ̀kadà, pé ó jọ pé ọmọ yẹn dúró ra epo. Ẹ gbọ́ o! Oòrùn ọ̀sán Mókọ́lá ló gbé àgbọ̀n mi ga!

"Èjí ńkọ́?" ni dókítà bi í.

"Ẹ̀n-ẹ́n, a rí i," ni oníláàbù dáhùn tayọ̀tayọ̀. "A ti bá Bàbá dí i. Ẹ sọ fún wọn pé a ò ní gbowó ìyẹn."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ètè mi kò pàdé.

Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e padà wá, èjí sì ti dé. N kò ní parọ́, ó dé. Àmọ́ ìka ìlábẹ̀ mi kọjá níbẹ̀. Oníláàbù ní wọ́n ní kí òun fi àyè sílẹ̀, òun fi àyè sílẹ̀. Bí ẹ bá pe èyí ní èjí, ẹnu ọ̀nà Ọjà Dùgbẹ̀ náà èjí ni.

Dókítà ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ní kí n ka òǹkà láti 60 lọ. Mo bẹ̀rẹ̀: ọgọ́ta, ọ̀kànlélọ́gọ́ta, èjìlélọ́gọ́ta. Ó ní rárá, Bàbá, lédè Òyìnbó, torí "sixty-six" ló máa jẹ́ kí òun gbọ́ "s". Èyí bí mi nínú díẹ̀. Ṣé Òyìnbó ni yóò wá máa bá mi dúnàádúrà ní Bẹẹrẹ ni? Ọgọ́ta tèmi kò ní "s", ṣùgbọ́n èdè tí mo fi ń jẹun ní "s" rẹpẹtẹ. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí n ṣe é bó ṣe yẹ, mo ní: Sàlámì sáré sá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ ń súfèé. Mo tún ní: fìlà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tó jáde jẹ́ "vìlà vunvun". Ìró tí kò sí lédè Yorùbá rárá ni mò ń sọ jáde! Dókítà ṣàlàyé pé eyín iwájú òkè ló gùn jù, pé orí ètè ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọra kàn nígbà tí a bá pe "f", pé bó bá gùn jù, "f" á di "v". Ní ti ìfé, ó ní ìda tó wà lẹ́yìn eyín iwájú ni wọn kò mọ dáadáa, afẹ́fẹ́ ń gba ibi tóóró jáde. Mo gbà pé ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹni tí kò gbọ́ ohùn mi rí fi ń to eyín tí mo máa fi sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé láàbù. Mo ní kí ọlọ́kadà náà má gbé ẹnu mi lọ lọ́jọ́ yẹn, kó gbé èmi àti ẹnu mi papọ̀.

Láàbù náà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Yàrá kan ni, ẹnu àwọn èèyàn tò lórí pákó láti ìsàlẹ̀ dókè, POP funfun, POP aláwọ̀ ewé, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ olúkúlùkù sí ìdí rẹ̀. Mo bá orúkọ ọ̀rẹ́ mi kan pàdé níbẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti ń bá mi jẹ àgbàdo sísun láti ìgbà pípẹ́, n kò mọ̀ pé àwọn eyín yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Orí tábìlì ni tèmi wà, wọ́n fi POP lẹ̀ ẹ́ mọ́ àgbọ̀n onírin kan. Ọ̀gá láàbù ṣí i, ó pa á dé: kàù, kàù. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹnu mi ṣe ń jẹ nǹkan láìsí mi níbẹ̀.

Ọ̀gá náà wò mí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, eruku POP wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní Enugu lòun ti kọ́ṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, òun sì ti ń to eyín láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n a lè ka iye ìgbà tí ẹni tó ni ẹnu fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun. "Bébà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi, Bàbá télọ̀. Èmi ò rí ojú. Eyín tó bá tò gún ni wọ́n ń yìn mí fún." Mo ní kó wo ojú mi dáadáa. Mo yọ fọ́tò ìgbà tí mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lápò, mo bèèrè ìṣáná. Ìṣáná tó fi ń tan àtùpà rẹ̀ wà lórí tábìlì. Mo yọ igi kan, mo ní èyí ni ìwọ̀n èjí mi, kó máà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó máà dín.

Ó jókòó. Ó gbé ọ̀bẹ kékeré kan sínú iná àtùpà, ó gbé orí ọ̀bẹ náà sí ẹ̀yìn eyín iwájú ọ̀tún. Ìda yíká ẹsẹ̀ eyín náà tàn yinrin, ó rọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tì í wọlé, ìtì tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí tòsì. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè dì, ó ki igi ìṣáná bọ àárín. Igi náà wọ̀, ó jáde, kò kan ẹ̀gbẹ́. Ó tún gbé àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ wọn yí díẹ̀ kí wọ́n má bàa dọ́gba jù, ó ní eyín tí Ọlọ́run ṣe kì í dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gba àkókò tí mo fi ń ṣe ihò bọ́tìnì kan. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ìjà wa, gbogbo ọ̀kadà wa, iṣẹ́ ọ̀bẹ kékeré kan ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mo máa gbà á ti ṣẹ́ yọ. Mo ní òde àna lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ gba eyín ní Jímọ̀. Ọ̀gá mi orí. Ó ní lẹ́yìn tí mo bá buwọ́ lùwé níwájú dókítà, wọ́n á ri ìda náà mọ́ inú POP nínú àpótí onírin, wọ́n á fi omi gbígbóná fọ ìda jáde kí eyín nìkan kù síbẹ̀, wọ́n á po ìyẹ̀fun ákírílíìkì mẹ́ta mọ́ omi rẹ̀ kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ìda ti jáde, wọ́n á sì gbé àpótí náà sínú omi tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 74°C lọ fún wákàtí 8 tàbí 9. Ó ní bí òun bá kánjú tí omi hó lójijì, ákírílíìkì náà á hó nínú lọ́hùn-ún, ihò wẹ́wẹ́ á kún inú rẹ̀. Bí ó bá sì jinná tán, òun kò gbọdọ̀ kì í bọ omi tútù. Ó gbọ́dọ̀ tutù fúnra rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa yí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gígé, híha, dídán, kó sì tún sùn nínú omi kí n tó gbà á. Ó ní "Jímọ̀ kò ṣeé ṣe, Bàbá télọ̀. Ó kù díẹ̀ lára iṣẹ́ náà." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo máa ń sọ fún oníbàárà. N kò mọ̀ pé ó lè jẹ́ òótọ́.

Mo lọ sí òde àna láìní eyín. Oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Houston, tó wá sílé fún ayẹyẹ náà, fi ìtàn tù mí nínú. Ó yọ dọ́là kan, ó fi ojú George Washington hàn mí. Ó ní nígbà tí wọ́n búra fún ọkùnrin yìí gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1789, eyín rẹ̀ gan-an kò ju ẹyọ kan lọ. Dókítà eyín kan tí ń jẹ́ John Greenwood fi eyín erinmi gbẹ́ òmíràn fún un, ó fi eyín èèyàn kún un, ó fi sípíríǹgì so òkè mọ́ ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé igi ni, irọ́ ni wọ́n ń pa. Sípíríǹgì yẹn ń ṣí ẹnu ni, bàbá náà sì ní láti máa fagbára pa á dé ní gbogbo ìgbà. Mo wo ojú inú owó náà dáadáa. Bó ṣe le ètè mọ́ra yẹn, mo ti ṣe é rí, lọ́jọ́ "wàwá". Ẹni tó ń darí orílẹ̀-èdè, wọn kò jẹ́ kí ẹnu tiẹ̀ náà sinmi.

Ìyá àwọn ọmọ mi ló wá ṣe ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tí mo máa buwọ́ lùwé. Dókítà ní kí n mú ẹni tó mọ̀ mí dáadáa dání, torí èèyàn kì í mọ ojú ara rẹ̀ bí ará ilé ṣe mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sí ọ̀kánkán mi. Mo gbé eyín ìda sẹ́nu. Ètè pàdé. "Màmá" jáde bí màmá. Sàlámì sáré, kò súfèé mọ́. Fìlà sì padà di funfun. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní kí n yí sí ọ̀tún, ó ní kí n yí sí òsì.

"Òun nìyí," ló wí. Ó dákẹ́, ó tún wò. "Àmọ́ èjí ẹ̀ tóbi ju báyìí lọ."

Mo gba bírò lọ́wọ́ dókítà kíákíá, mo buwọ́ lùwé.

Ẹ má rò pé ayọ̀ dé. Nígbà tí wọ́n gbé ojúlówó rẹ̀ wá, tó le, tó ń dán, dókítà kun nǹkan funfun sínú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ èrìgì, ó yọ ọ́, ó wo ibi tí kíkùn náà ti nù kúrò, ó fi mọ́tò ha ibẹ̀. Ó fi bébà aláwọ̀ aró sáàárín eyín, ó ní kí n máa kàn án: ta, ta, ta. Ó tún ha. Ó ní kí n máa ka ìwé ìròyìn sókè nílé kí ahọ́n lè mọ ibùgbé rẹ̀ tuntun, kí n gé ẹran kéékèèké, kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹun, kí n yọ ọ́ lálẹ́ sínú omi, omi tútù ni o, torí omi gbígbóná á yí i. Bí mo bá ń fọ̀ ọ́, kí n gbé bàsíà olómi sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa já bọ́ sílẹ̀ fọ́. Gbogbo èyí ni mo gbà.

Èyí òkè ń gbé nílé. Ó bo gbogbo àjà ẹnu, itọ́ sì dì í mú. Tìsàlẹ̀ ni alárìnkiri. Kò ní àjà tó máa dì mọ́, ahọ́n ń tì í, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fà á, bí mo bá sì sín, èmi ni mo mọ ohun tí mò ń fọwọ́ bò. Ó ti dá egbò sí mi lẹ́nu, mo padà lọ kí wọ́n ha á, ó tún dá òmíràn sí ọ̀kánkán. Pọ̀nmọ́ ti ṣeé ṣe. Ògúnfe ń bọ̀. Àgbàdo, dókítà ní kí n má fi eyín iwájú bù ú jẹ, kí n fi ọwọ́ yà á. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí orúkọ rẹ̀ wà lórí pákó jọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù níjọ́sí, a ń fọwọ́ ya àgbàdo, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Lọ́jọ́ tí mo gba eyín tán, mo bèèrè bóyá mo lè padà máa fi já òwú. Dókítà bẹ̀ mí bí ẹni tó ń bẹ ọmọ rẹ̀. Ó ní eyín náà á ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, tàbí kó tiẹ̀ ṣẹ́ kúrò nídìí. Ó ní píìnì pàápàá, kí n má fi sí ẹnu mọ́, torí ákírílíìkì tó bo àjà ẹnu kò ní jẹ́ kí n tètè mọ̀ bí ọ̀kan bá ń yọ́ lọ sọ́nà ọ̀fun. Eyín 28 tí n kò lè fi ṣiṣẹ́! Kí ni mo wá rà?

Mo sì rí ìwé owó wọn. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀: owó dókítà, owó láàbù, owó ìda àtúntò tí wọ́n ní èmi àti láàbù á jọ pín, àti nísàlẹ̀ pátá, owó ọ̀kadà, àlọ àti àbọ̀, iye ìgbà tí ẹnu mi fi rìn láàárín Òkè-Àdó àti Mókọ́lá. Mo ti sọ fún wọn pé n kò ní san ti ọ̀kadà yẹn. Ìgbà tí èmi fúnra mi gùn ún, mo san án fún ọmọ náà lọ́wọ́, lójú ẹsẹ̀. Ìyókù, n kò sí níbẹ̀.